Kìnnìún, táígà àti béárì: ta ni ọ̀gá nínú wọn?

Ìbéèrè: "Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí o. Àwa mẹ́ta la ti ń jiyàn láti àná. Ọ̀kan ní kìnnìún ni ọba igbó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìkejì ní táígà yóò lù ú bolẹ̀. Èmi ní béárì ńlá yóò gbá àwọn méjèèjì dànù bí ẹni gbá eṣinṣin. Ta ló lágbára jù? Ẹ má sọ pé gbogbo wọn ló lágbára o, ẹ dárúkọ ọ̀kan."

* * *

Mo máa dárúkọ ọ̀kan, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú "ọba igbó" yẹn wò. Kìnnìún kì í sábà jẹ́ ará igbó. Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀: ibi tí koríko pọ̀ sí, tí igi kò ṣù, tí ojú ti ń rí ọ̀nà jíjìn. Táígà, ológbò ńlá abilà ti ilẹ̀ Éṣíà, ni ará igbó gan-an, òun àti kìnnìún kò sì jọ ń gbé ibì kan náà lónìí. Kò sí táígà tó gbé ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ní Íńdíà tí àwọn méjèèjì wà, Gir àti àyíká rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Gujarat nìkan ni kìnnìún kù sí. 891 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní ọdún 2025, kò sì sí táígà láàárín wọn. Béárì ní tirẹ̀ ti wà ní àríwá Áfíríkà rí, lórí àwọn òkè Atlas, àmọ́ ìran wọn ti run láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Nítorí náà, ìjà kìnnìún àti táígà tí ẹ̀ ń rí nínú fídíò, inú ọgbà tí ènìyàn kó wọn sí ni. Ẹranko tí wọ́n há mọ́ kò lè jẹ́rìí fún èyí tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá ní kí n gbé wọn lé òṣùwọ̀n, ẹ̀yin tí ẹ béèrè lẹ jàre. Akọ kìnnìún sábà máa ń wọn bíi 190 kílò. Táígà Siberia tó sanra dáadáa kì í sábà kọjá 300. Akọ béárì funfun ti ilẹ̀ yìnyín lè wọn 350 títí dé 700, béárì Kodiak ti Alaska náà kò sì jìnnà sí i. Béárì ni mo dárúkọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìwọ̀n ni agbára. Ohun tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń wá jẹ ló sọ irú agbára tó ní, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a jọ dé.

* * *

Ọ̀pọ̀ ló bá mi wí pé kí ló dé tí mò ń kọ "táígà" nígbà tí "ẹkùn" wà nílẹ̀. Ẹ gbọ́: ẹkùn tí àwọn baba wa mọ̀, alámì tótòtó ni, kò ní ilà lára. Ẹranko abilà tí wọn kò fojú rí rí, báwo ni wọn ì bá ṣe sọ ọ́ lórúkọ? Àwọn kan ní kí àmọ̀tẹ́kùn máa jẹ́ ti alámì, kí a yọ̀ǹda ẹkùn fún abilà. Mi ò fara mọ́ ọn. Àlejò ni táígà, kó jẹ́ orúkọ àlejò, kí ẹkùn dúró sí ipò rẹ̀.

Àmọ́ ilà yẹn fúnra rẹ̀ tó ohun tí a ń wò. Kì í ṣe ara irun nìkan ló wà. Ẹ fá irun táígà, ẹ máa bá ilà náà lára awọ rẹ̀. Kò sí méjì tí ilà wọn bára mu. Àwọ̀ ọsàn rẹ̀ tó ń dán lójú tiwa yìí ńkọ́? Àgbọ̀nrín kò rí i bẹ́ẹ̀. Ojú àgbọ̀nrín kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, nítorí náà ewé láàárín ewé ni táígà jẹ́ lójú rẹ̀, títí tó fi fò mọ́ ọn.

Ẹnìkan tún béèrè nípa "ẹkùn dúdú", bóyá ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Rárá. Ẹkùn tàbí jágúà ni, dúdú ara rẹ̀ ló pọ̀ jù. Tí oòrùn bá tàn sí i dáadáa, ẹ máa rí àmì ara rẹ̀ lábẹ́ dúdú yẹn. Ẹ sì má da ẹkùn pọ̀ mọ́ jágúà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà: jágúà ní ẹ̀kán kéékèèké nínú òbìrìkìtì ara rẹ̀, ti ẹkùn ṣófo.

* * *

"Ẹran ṣáà ni gbogbo wọn ń jẹ, kí ni oúnjẹ fẹ́ yí padà níbẹ̀?"

Ó ń yí gbogbo nǹkan padà! Ẹ gbé omi ṣúgà síwájú ológbò. Èmi ṣe é. Mo bu omi ṣúgà sínú àwo kan, mo bu omi lásán sínú èkejì, mo sì jókòó tì í. Ológbò mi lá èyí tó wà nítòsí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo pààrọ̀ àwo náà, ó tún lá èyí tó wà nítòsí. Kò mọ̀ pé ọ̀kan dùn. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí ìdí rẹ̀: jíìnì, àbùdá àjogúnbá, tó yẹ kó jẹ́ kí ahọ́n ológbò mọ adùn ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bá a lára táígà àti ṣítà, ológbò ńlá tó ń sáré jù. Ẹranko tí ẹran nìkan ń bọ́ kò fi adùn ṣe nǹkan kan. Gbogbo ara rẹ̀, eyín rẹ̀, èékánná tó ń fà wọlé kó má baà kú, ojú rẹ̀ tó ń ríran lóru, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà fún: kó mú ẹran tó ń sá.

Béárì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní èdè Rọ́ṣíà, medved ni orúkọ rẹ̀, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sì ni "ẹni tó ń jẹ oyin". Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé ìnagijẹ ni, pé àwọn ará ìgbàanì ń sá fún pípe orúkọ rẹ̀ gan-an. Gbogbo ohun tó bá wọnú ni béárì ń jẹ. Lórí àwọn òkè Yellowstone ní Amẹ́ríkà, béárì aláwọ̀ ilẹ̀ máa ń yí òkúta kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wá àfòpiná tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo sì lè jẹ 40,000 lóòjọ́. Àfòpiná o! Ẹranko tó lè dá màlúù lẹ́yìn. Béárì Íńdíà tó ń jẹ ikán kò ní eyín méjì tó yẹ kó wà láàárín eyín òkè. Àyè yẹn ló fi ń fa ikán mu bí ẹni fa omi, ó sì ń pa ihò imú rẹ̀ dé kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Béárì oòrùn, tó kéré jù nínú ẹ̀yà mẹ́jọ tó wà láyé, ní ahọ́n tó lè gùn tó 25 sẹ̀ǹtímítà fún oyin inú igi.

Páńdà ló yà mí lẹ́nu jù. Béárì ni, ìfun ajẹran ló ní, síbẹ̀ ọparun ló ń jẹ láti àárọ̀ di alẹ́. Ọparun kò fún un ní okun púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ ẹ́ láìdúró, tó sì ń jókòó ṣáá. Eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kan gùn jáde bí àtàǹpàkò, bí ìka kẹfà, kó lè máa di ọparun mú.

* * *

Àwọn tó ń ṣe ti kìnnìún bínú sí mi. Wọ́n ní mo ti fi ọba ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn mìíràn wá dá kún un pé abo ló ń ṣọdẹ, pé akọ kàn ń sùn, ó ń jẹun ọ̀fẹ́.

Òótọ́ ni pé kìnnìún lè fi wákàtí 20 sinmi lóòjọ́, t'akọ t'abo. Ẹran kan tó tóbi lè tó wọn jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ni wọ́n fẹ́ máa sáré kiri fún? Àmọ́ pé akọ kì í ṣọdẹ, irọ́ ni. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2013 láti ọgbà Kruger ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé akọ ń ṣọdẹ dáadáa, àárín igi tó ṣù ló ń lúgọ sí. Abo ń ṣọdẹ ní gbangba, lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, ibi tí ènìyàn ti lè rí wọn. Ohun tí ojú rí ni wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tó fara pamọ́ kò sì ní ẹlẹ́rìí.

Gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ní Serengeti ní Tàǹsáníà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Peyton West àti Craig Packer gbé ère kìnnìún tó tó kìnnìún gidi sí ìgbẹ́, wọ́n fi gọ̀gọ̀ oríṣiríṣi wọ̀ wọ́n, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2002. Abo lọ bá ère tí gọ̀gọ̀ rẹ̀ dúdú. Akọ yẹra fún un. Gọ̀gọ̀ dúdú ń sọ pé oúnjẹ kánú ẹni yìí, ara rẹ̀ sì le. Ìyà ibẹ̀ ni pé ooru ń pa á ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Nípa ohùn rẹ̀, mi ò lè fi ìwé nìkan sọ ọ́. Mo wà nínú ọgbà ẹranko kan lọ́jọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ni mo kọ sí àgò, mò ń so okùn bàtà ọmọ kan. Kìnnìún bú. Kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ, àyà ni. Ọmọ náà dì mọ́ mi lọ́rùn, èmi fúnra mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé irin wà láàárín wa. Ohùn yẹn lè dé ibi tó jìnnà tó kìlómítà 8. Tán-án-ná inú gògóńgò rẹ̀ ló fẹ̀, ọ̀rá sì wà nínú rẹ̀, ni kò fi nílò èémí púpọ̀ kó tó dún tó bẹ́ẹ̀. Táígà, ẹkùn àti jágúà náà ń bú. Ẹkùn orí òkè yìnyín kì í bú ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá wọn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yára mú ti ṣítà kúrò nílẹ̀, torí ẹnìkan ní òun ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá nítorí eré. Ṣítà kan tó ń jẹ́ Sarah ní ọgbà ẹranko Cincinnati sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 5.95 ní ọdún 2012. Usain Bolt, 9.58. Ṣùgbọ́n eré yẹn náà ló sọ ṣítà di aláìlágbára: ara fúyẹ́, egungun tín-ín-rín, eyín kékeré. Tó bá pa ẹran tán, ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, kìnnìún tàbí ìkookò á sì dé wá gbà á. Kì í bá wọn jà. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, ebi ni yóò pa á. Kò sì lè bú, ńṣe ló ń ké bí ọmọ ẹyẹ.

* * *

Ọ̀rọ̀ oorun béárì ló kàn. Ẹnìkan kọ ọ́ pé béárì "máa ń kú, a sì tún jí." Ó ti pọ̀ jù. Ara béárì tó ń sùn nígbà òtútù kò tutù púpọ̀, ó fi díẹ̀ dín sí ti tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ dá a lágara nínú ihò, ẹ máa rí i bóyá ó ti kú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ ló yẹ kó máa jẹ́ ìyanu. Fún oṣù márùn-ún sí méje, béárì dúdú Amẹ́ríkà kò jẹun, kò mu omi, kò tọ̀, kò yàgbẹ́. Àwọn tó ṣọ́ ọ ní Alaska rí i pé ọkàn rẹ̀ tó ń lù nígbà 55 ní ìṣẹ́jú kan wálẹ̀ sí 14. Ènìyàn tó bá fi oṣù márùn-ún dùbúlẹ̀, egungun rẹ̀ á di ẹlẹgẹ́, iṣan rẹ̀ á gbẹ. Béárì dìde, ó rìn jáde. Ohun tó yẹ kó tọ̀ dànù ni ara rẹ̀ ń tún lò láti fi tọ́jú iṣan. Àwọn oníṣègùn ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ nítorí àwọn tí àìsàn kíndìnrín ń bá jà.

Inú oorun yẹn ni abo ti ń bímọ. Oyún rẹ̀ kì í tètè so mọ́ ilé ọmọ. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí akọ ti gùn ún, ẹyin náà á máa léfòó nínú rẹ̀ títí òtútù yóò fi sún mọ́. Tó bá jẹun yó, oyún á so. Tí kò bá ní ọ̀rá tó, kò ní so, kò sì ní bímọ lọ́dún náà. Mi ò tíì rí àpẹẹrẹ tó dára jù èyí lọ fún ohun tí mò ń wí: oúnjẹ ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò wà.

Béárì funfun ilẹ̀ yìnyín kò sí nínú àwọn tó ń sùn bẹ́ẹ̀, àyàfi abo tó lóyún. Ìgbà òtútù ni yìnyín bo òkun, ìgbà yẹn ló ń rí síìlì, ẹran inú òkun, pa. Kí ló fẹ́ sùn sí lọ́jọ́ ọjà?

Ẹ sì jọ̀ọ́, irun rẹ̀ kò funfun, kò ní àwọ̀ kankan ni, awọ abẹ́ rẹ̀ dúdú. Ìtàn pé irun náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọ awọ bíi wáyà, wọ́n ti dán an wò, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ pé irun náà ṣófo nínú, òótọ́ ni: ní òpin àwọn ọdún 1970, èéhù omi wọnú irun àwọn béárì kan ní ọgbà ẹranko San Diego, gbogbo wọn sì di aláwọ̀ ewé.

* * *

"Tí ènìyàn bá pàdé wọn ńkọ́?" Ibí ni àríyànjiyàn ti le jù, mo sì fẹ́ kí á ṣọ́ra nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí á sá sí ìsàlẹ̀ òkè, pé béárì kò lè sáré sọ̀ kalẹ̀. Irọ́ tó lè pa ènìyàn ni. Béárì ń sá ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan, sókè sódò. Igi gígùn náà ńkọ́? Béárì dúdú mọ igi í gùn jù yín lọ. Ìmọ̀ràn àwọn aṣọ́gbà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni pé kí ẹ má sá rárá. Tí béárì aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀ bá dé ara yín, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bo ẹ̀yìn ọrùn, ẹ má mira. Tó bá jẹ́ béárì dúdú, ẹ bá a jà pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ yín bá bà. Ata tí wọ́n ń fọ́n sí i lójú tún dáa ju ohun tí ọ̀pọ̀ rò lọ: ìwádìí Alaska tó jáde ní ọdún 2008 rí i pé ó dá béárì aláwọ̀ ilẹ̀ dúró ní ìgbà 92 nínú 100.

Fún ìdílé ológbò ńlá, ọgbọ́n mìíràn ni, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wá. Ní Sundarbans, láàárín Íńdíà àti Bangladesh, àwọn tó ń wọ igbó ní àwọn ọdún 1980 fi ìbòjú tó ní ojú ènìyàn sí ìpàkọ́ wọn. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní Okavango, ilẹ̀ Bòtswánà, wọ́n fi ọ̀dà ya ojú sí ìdí màlúù fún ọdún mẹ́rin. Nínú 683 tí wọ́n ya ojú sí, ẹyọ kan kò kú sọ́wọ́ ẹranko. Nínú 835 tí wọn kò ya nǹkan kan sí, 15 kú. Ajẹran tó bá rí i pé a ti rí òun máa ń pa dà.

* * *

Ẹnìkan dárúkọ kìnnìún méjì Tsavo ní Kẹ́ńyà, àwọn tó ń pa òṣìṣẹ́ ojú irin ní ọdún 1898, pé ìwà ìkà ni. John Patterson tó yìnbọn pa wọ́n ní ènìyàn 135 ni wọ́n pa. Àyẹ̀wò egungun àti irun wọn lọ́dún 2009 sọ pé ó súnmọ́ 35. Akọ méjèèjì ni, wọn ò sì ní gọ̀gọ̀. Ẹ wo ẹnu wọn: ọ̀kan ní eyín ńlá tó ṣẹ́, tó sì kẹ̀ dé gbòǹgbò. Ti abo táígà Champawat ní Íńdíà náà rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 436 ni wọ́n ní ó pa kí ọdẹ kan, Jim Corbett, tó pa á ní ọdún 1907, ìbọn tí ẹnìkan ti yìn fún un tẹ́lẹ̀ ló fọ́ eyín rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ajẹran tí kò lè bu ẹran jẹ mọ́ yóò wá èyí tí awọ rẹ̀ rọ̀, tí kò lè sáré.

* * *

Ẹni tó béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ padà wá: "Ẹ ní kìnnìún kì í pàdé táígà. Béárì àti táígà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jà rí?"

Wọ́n ń jà títí di òní, lórí àwọn òkè Sikhote-Alin ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà. Táígà máa ń pa béárì, ó sì ń jẹ ẹ́. Ó sábà máa ń yan èyí tó kéré sí i, béárì dúdú tàbí abo, ẹ̀yìn ló ń gbà, ọrùn ló ń bù. Akọ béárì aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti dàgbà tán kì í ṣe ẹran ọdẹ rẹ̀. Irú béárì bẹ́ẹ̀ kì í wá ìjà náà. Tó bá jí ní òpin òtútù, tí ikùn rẹ̀ ti ṣófo láti oṣù mélòó kan, ó máa ń wá ipa ẹsẹ̀ táígà nínú yìnyín, á tẹ̀ lé e jẹ́ẹ́jẹ́ títí tí táígà yóò fi pa àgbọ̀nrín tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́. Nígbà náà ni yóò yọ sí i, á gba ẹran náà, á sì jókòó lé e lórí.